Ohun tí fíìmù ń gé kúrò lẹ́yìn tí ìbọn bá dún

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí ló mú kí n gbé gègé. Ẹni tó kọ ọ́ sọ pé ariwo tí àwọn àgbà ń pa lórí fíìmù àti ìwà jàgídíjàgan àwọn ọ̀dọ́ kò ju pé wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù lọ. Ó ní kò sí fíìmù tó lè ki ìbọn bọ ọmọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo tún un kà. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, màá sì dé ibẹ̀. Àmọ́ ó fo ohun kan dá, ohun náà sì ṣojú mi kòrókòró fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò lè dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Yàrá pàjáwìrì ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi, mo sì tún ṣe díẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo fẹ́ràn fíìmù, títí kan èyí tí ìjà wà nínú rẹ̀, mi ò sì sí lára àwọn tó ń ní kí ìjọba fòfin dè é. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí ọta ìbọn ń ṣe nínú ara èèyàn. Mo sì mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé wá fún wa rò pé ó ń ṣe, torí wọ́n máa ń sọ ọ́ fún mi látorí bẹ́ẹ̀dì. Méjèèjì ò jọra rárá, orí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù sì ni wọ́n ti kọ́ èyí tí wọ́n mọ̀.

Mo rántí ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 16 lọ. Ọta ti wọ̀ ọ́ nítan. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rí ìbọn ìléwọ́ kan níbi tí kò yẹ kó wà, wọ́n gbé e jáde láti fi ya fọ́tò. Ọ̀rẹ́ yìí dà á dẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe máa ń dà á nínú fíìmù, ó ki ìka bọ ibi tí wọ́n ń fà, ó ní òun fẹ́ kó rí bíi tòótọ́. Nígbà tí ọmọ náà lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Mà, ṣé wọ́n ti yọ ọta náà?" Mo ní rárá, dókítà fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó rò pé a ti pa òun tì ni.

Mi ò dá a lẹ́bi. Nínú fíìmù, ọta fúnra rẹ̀ ni gbogbo ìṣòro. Wọ́n á wá a jáde, wọ́n á jù ú sínú abọ́ irin, á dún gbangan, gbogbo èèyàn á mí kanlẹ̀, ẹni tó fara gbọgbẹ́ á sì dìde lọ gbẹ̀san. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọta bá ti dúró sójú kan, ó lè má jẹ́ nǹkan bàbàrà mọ́. Bí wíwá a kiri nínú ẹran ara bá máa ba nǹkan mìíràn jẹ́, dókítà á fi í sílẹ̀, àwọn èèyàn sì wà tó ń gbé ọta kiri nínú ara wọn di ọjọ́ alẹ́. Ohun tó máa ń lé wa sáré ni ọ̀nà tó gbà kọjá: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó já, egungun tó fọ́ wẹ́wẹ́, ìdọ̀tí àti èérún aṣọ tó bá a wọlé. Egungun itan ọmọ yìí fọ́ débi pé irin gbọọrọ ni wọ́n fi dì í mú láti ìta, tí àwọn irin tín-ín-rín sì ti ara rẹ̀ gba inú ẹran wọ inú egungun. Ojoojúmọ́ la ń fọ ojú ibi tí àwọn irin náà ti wọlé kó má bàa kẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń sunkún. Nígbà tí itan wá jinná, ẹsẹ̀ ò gbé iwájú sókè mọ́, torí iṣan tó ń darí rẹ̀ ti bà jẹ́. Bó bá ń rìn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo lòun máa padà sórí pápá bọ́ọ̀lù. Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Àbúrò rẹ̀ kékeré wá kí i lọ́jọ́ Àìkú kan. Bó ṣe wọlé báyìí ló na ìka sí i, "Pàù! Pàù!", ó wá ń dúró kí ẹ̀gbọ́n òun ṣubú bí wọ́n ṣe jọ máa ń ṣe é nílé. Ìyá wọn fà á jáde kíá. Ọmọ náà ò mọ ohun tó ṣe, ta ni ì bá sì ti sọ fún un? Gbogbo ìbọn tó ti ń rí látìgbà tó ti gbọ́njú, bó bá ti dún, fíìmù á máa bá tirẹ̀ lọ ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, Olóòtú. Ìbọn tí fíìmù ń fi hàn kọ́ ló ń dùn mí jù. Ohun tó ń gé kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọta ba ọkùnrin kan léjìká, ó pa eyín pọ̀, ó ya aṣọ dì í, ó ń bá ìjà lọ. Abẹ́ èjìká tí wọ́n fi ń ṣeré yìí ni iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá gbà kọjá, ibẹ̀ náà sì ni ìdì àwọn iṣan tó ń gbé agbára àti ìmọ̀lára dé ìka ọwọ́ wà. Ẹni tí ọta bá já iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn mọ́ lára lè kú kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí kò bá kú lè má lè di ṣíbí mú mọ́. Tàbí kẹ̀, wọ́n á ní ọta gbé èèyàn fò sókè, ó fẹ̀yìn fọ́ gíláàsì. Irọ́ gbáà ni. Bí ọta bá lágbára láti gbé ẹni tó bà fò bẹ́ẹ̀, á gbé ẹni tó yìn ín náà fò sẹ́yìn. Àwọn kan nínú àwọn tí mo tọ́jú sọ pé àwọn ò tètè mọ̀ pé ìbọn ti ba àwọn, àfìgbà tí àwọn rí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á tún yìnbọn nínú yàrá tó há, wọ́n á sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ariwo ìbọn máa ń kọjá 140 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì tó láti ba etí jẹ́. Irin tí wọ́n ń dì mọ́ ẹnu ìbọn kó má bàa pariwo, dídín ló ń dín ariwo náà kù, kò sọ ìbọn di ohun tí aládùúgbò ò ní gbọ́. Ti pé wọ́n á fi ìdí ìbọn gbá èèyàn lórí, tí á sùn lọ fún wákàtí mélòó kan, tí á jí, tí á fọwọ́ pa orí, tí á sì bọ́ sínú mọ́tò, èyí gan-an máa ń bí mi nínú. Ẹni tó bá dákú fún wákàtí nítorí ohun tó bà á lórí, ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa. Àwọn kan wà tí wọ́n lajú padà tí wọn ò sì mọ orúkọ ọmọ wọn.

Kí ló dé tí mo fi ń ka gbogbo èyí sílẹ̀? Torí pé ẹnikẹ́ni tó bá gba àwọn nǹkan wọ̀nyí gbọ́, á rò pé ìbọn ṣeé fi kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n díẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ látẹnu ọ̀dọ́ tó yìnbọn: ó ní òun ò fẹ́ pa á, ẹsẹ̀ lòun fojú sùn kó lè bẹ̀rù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú itan tóbi débi pé bó bá já, tí kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà kí èèyàn fi ẹ̀jẹ̀ ṣòfò tán. Kò sí ibi tí wọ́n lè yìnbọn sí lára èèyàn tí a lè pè ní ibi ìkìlọ̀.

Ohun tó tún ń bọ́ sílẹ̀ nínú fíìmù ni àkókò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí ọta gé ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ìdí sí ìsàlẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Wákàtí méjì méjì la gbọ́dọ̀ máa yí i, tọ̀sán tòru, kí ara tó fi sùn má bàa dégbò. Rọ́bà la fi ń gba ìtọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa gbé e lọ sílé, mo kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí i, bí wọ́n ṣe ń wo ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti ń pọ́n, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rọ́bà. Ìyá náà ń ka ohun tí mo sọ fún ara rẹ̀ sókè kó má bàa gbàgbé. Ẹni tó yìnbọn náà jẹ́ ọmọ tí òun àti ọmọ rẹ̀ jọ lọ síléèwé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì bá ara wọn sọ lórí fóònù ló dìjà. Ṣe ẹ máa rí irú ìyá yìí nínú fíìmù? Bí ẹ bá rí i, á jẹ́ níbi ìsìnkú, fún ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú awò dúdú lójú àti orin tó ń dùn lábẹ́lẹ̀.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn á ní, "Kí ló kan fíìmù?" Ìdáhùn tó dára jù tí mo mọ̀ ti pẹ́. Lọ́dún 1965, Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Ó fi fíìmù kékeré kan han àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi 66. Nínú fíìmù náà, àgbàlagbà kan ń lu ọmọlangidi ńlá kan tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí nínú, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a, ó ń fi òòlù lù ú. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà parí fíìmù yìí. Àwọn ọmọ kan rí i pé wọ́n yin ẹni tó lu ọmọlangidi, wọ́n sì fún un ní nǹkan dídùn. Àwọn kan rí i pé wọ́n bá a wí gidigidi, wọ́n sì nà án. Àwọn yòókù ò rí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìlù náà, fíìmù kàn parí ni. Wọ́n wá fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ nínú yàrá pẹ̀lú irú ọmọlangidi kan náà. Àwọn tó rí i pé wọ́n jẹ ẹni náà níyà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe bíi tirẹ̀. Àwọn tí wọn ò rí àbájáde kankan ńkọ́? Wọ́n lu ọmọlangidi náà bí àwọn tó rí i pé wọ́n fún un lẹ́bùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Lójú ọmọdé, bí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìwà ipá, ó dọ́gba pẹ̀lú pé wọ́n yìn ín. Kò pọn dandan kí fíìmù sọ pé ìbọn dára. Kó ṣáà ti dákẹ́ lórí ohun tó tẹ̀ lé e.

Apá kejì wà nínú ìwádìí yẹn tó yẹ kó ba àwa òbí lẹ́rù. Lẹ́yìn náà, Bandura ṣèlérí ẹ̀bùn fún gbogbo àwọn ọmọ náà bí wọ́n bá lè ṣe ohun tí wọ́n rí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn parẹ́, àwọn tó rí ìyà náà ṣe é bíi tàwọn yòókù. Ìyẹn ni pé gbogbo wọn ló ti kọ́ ọ, ìyàtọ̀ kàn wà nínú ẹni tó fi í hàn àti ẹni tó gbé e pamọ́ ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ọmọlangidi kì í ṣe èèyàn, yàrá ìwádìí kì í sì í ṣe ìgboro. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, àwọn onímọ̀ sì ṣì ń jiyàn lé e lórí. Lọ́dún 2011, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà wọ́gi lé òfin ìpínlẹ̀ California tó fẹ́ dènà títa géèmù oníwà ipá fún ọmọdé, ara ìdí tí wọ́n sì sọ ni pé ìwádìí tó wà nílẹ̀ ò fi hàn pé géèmù ló ń mú kí ọmọdé hùwà ipá. Àwọn ọ̀dọ́ Japan náà ń wo fíìmù oníbọn bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn káàkiri ayé, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí ìbọn pa èèyàn níbẹ̀, torí òfin wọn ò jẹ́ kí ìbọn tó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ bọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà tí ìbọn ti pọ̀ nínú ilé, láti ọdún 2020, ìbọn ló ń pa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó wà láàárín ọdún 1 sí 19 ju ìjàǹbá mọ́tò àti àìsàn èyíkéyìí lọ. Ibi tí mo ti fara mọ́ ẹni tó kọ lẹ́tà nìyẹn. Fíìmù kì í pín ìbọn. Ẹni tó bá fi ìbọn sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọ ti lè tó o ló lẹ́bi àkọ́kọ́.

Àmọ́ bí ọmọ bá wá kan ìbọn náà ńkọ́? Ohun tó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló máa pinnu bóyá á sá fún un tàbí á gbé e. Kelly Dillon àti Brad Bushman ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio yẹ èyí wò, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2017. Àwọn ọmọ ọdún 8 sí 12 ni wọ́n lò, 104 ni wọ́n, méjì méjì ni wọ́n sì ń wọlé. Wọ́n wo fíìmù fún 20 ìṣẹ́jú. Àwọn kan wo èyí tí ìbọn wà nínú rẹ̀, àwọn yòókù wo fíìmù kan náà tí wọ́n ti yọ ìbọn kúrò. Lẹ́yìn náà wọ́n fi wọ́n sí yàrá tí nǹkan ìṣeré kún inú rẹ̀. Nínú dúrọ́ọ̀ kan níbẹ̀, wọ́n ti fi ìbọn gidi sí, èyí tí wọ́n ti bà jẹ́ kó má lè yìn mọ́, tí wọ́n sì de ẹ̀rọ mọ́ láti ka iye ìgbà tí wọ́n bá fà á. Nínú méjì méjì 52, 43 ló rí ìbọn náà. Ní ìwọ̀n àárín, àwọn tó wo fíìmù tí ìbọn wà nínú rẹ̀ gbé e dání fún bí ìṣẹ́jú àáyá 53, àwọn yòókù fún bí 11. Ní ti fífà á bí ẹni fẹ́ yìn ín, àwọn tí kò rí ìbọn nínú fíìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ má fà á rárá, àwọn tó rí i fà á bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Fíìmù tí òbí ń fi ọkàn balẹ̀ gbé ka iwájú ọmọ ni wọ́n lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ "àgbà nìkan" sí lára.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí fíìmù ti wọlé, mo sì fẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ ọ dáadáa. Lọ́dún 1984 ni Amẹ́ríkà dá ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní PG-13 sílẹ̀, tó ń kìlọ̀ fún òbí pé apá kan fíìmù náà lè má yẹ ọmọ tí kò tíì pé 13. Ọ̀pọ̀ nínú fíìmù tí àwọn ọmọ káàkiri ayé ń wò ló wà nínú ìsọ̀rí yìí. Bushman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ fíìmù 945 wò, láti ọdún 1950 títí dé 2012. Láti ọdún 1985, ìyìnbọn nínú àwọn fíìmù PG-13 ti di ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọdún 2012, ó ti pọ̀ ju ti àwọn fíìmù tí ọmọ tí kò tíì pé 17 kò gbọ́dọ̀ wò láìsí àgbà lọ́dọ̀ rẹ̀. Báwo ni èyí ṣe ṣeé ṣe? Ẹ fara balẹ̀ wò wọ́n, ẹ máa rí i. Wọ́n á yìnbọn fún ogún èèyàn, ogún á ṣubú, ẹ ò sì ní rí ẹ̀jẹ̀ kán sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kérora. Bí ẹ̀jẹ̀ àti ìrora bá pọ̀ nínú fíìmù, wọ́n á gbé e sọ́dọ̀ àgbà. Bí wọ́n bá nu ẹ̀jẹ̀ nù, ọmọdé lè wọlé, owó á sì pọ̀ sí i. Ètò tí wọ́n ní àwọn fi ń dáàbò bo ọmọ ló wá ń fún àwọn onífíìmù lẹ́bùn fún gígé ohun tó lè mú kí ọmọ bẹ̀rù ìbọn kúrò. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, mi ò rí bí ó ṣe bọ́gbọ́n mu.

Àwọn tó bá ń ní ohun tó wà nínú fíìmù kò lè wọ ọmọ lára, kí wọ́n rántí sìgá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo akọni inú fíìmù ló ń mu ún, wọ́n sì ń sọ pé eré lásán ni. Lọ́dún 1998, àdéhùn tí àwọn ilé iṣẹ́ sìgá bá àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe kà á léèwọ̀ fún wọn láti máa sanwó kí sìgá wọn lè hàn nínú fíìmù. Lọ́dún 2012, ọ̀gá àgbà dókítà fún ìjọba ibẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé mímu sìgá nínú fíìmù wà lára ohun tó ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Kò sí ẹni tó ní fíìmù fi tipátipá ki sìgá bọ ọmọ lẹ́nu.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì yẹ kó mọ̀ pé eré ni, àwọn òṣèré fúnra wọn ni. Lọ́dún 1984, Jon-Erik Hexum, òṣèré ọmọ ọdún 26, fi ìbọn tí kò ní ọta nínú, èyí tó kàn ń tu iná àti ariwo, ti ẹ̀gbẹ́ orí ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ya eré, ó ń fi ṣàwàdà. Agbára ìbúgbàù yẹn nìkan fọ́ egungun orí rẹ̀, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Lọ́dún 1993, Brandon Lee tó jẹ́ òṣèré náà kú níbi iṣẹ́ fíìmù torí pé orí ọta kan ti há sínú ẹnu ìbọn tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò. Lọ́dún 2021, ọta gidi jáde látinú ìbọn tí wọ́n fi ń ṣe eré, ó sì pa Halyna Hutchins tó ń ya àwòrán fíìmù náà. Àwọn tó ń jẹun nídìí rẹ̀ nìyí o.

Nílé mi, a kì í pa tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n bá yìnbọn. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin máa ń bá mi wò ó, ọmọ ọdún 11 ni. Bí wọ́n bá ti yìnbọn fún ẹnìkan tí fíìmù sì gbàgbé ẹni náà, màá dá a dúró, màá ní, "Ibo ló bà á? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i báyìí? Ta ló máa lọ sọ fún ìyá rẹ̀?" Nígbà àkọ́kọ́, ó ní kí n má ba fíìmù jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní ákítọ̀ kì í kú, àwọn yòókù ò sì ṣe pàtàkì. Mi ò bá a jà. Mo sọ fún un nípa irin tó wà nítan ọmọkùnrin yẹn, mo fi ibi tí irin ti wọlé hàn án lára ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Láti ìgbà yẹn, òun ló ń dá fíìmù dúró fúnra rẹ̀ nígbà míì, tó máa ní, "Màmá, ṣé ẹni yìí lè dìde lóòótọ́?" Ó ṣì fẹ́ràn fíìmù oníjà, ó ṣì ń sáré kiri ilé. Àmọ́ mo ti rí i pé kì í na ìka ìbọn sí ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo bẹ àwọn tó ń ṣe fíìmù, pàápàá àwọn tó ń ṣe é ní èdè wa, pé bí ẹ bá ti fi ìbọn hàn, ẹ fi wọ́ọ̀dù náà hàn. Kò gba fíìmù mìíràn. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rọ́bà níhà fún ìṣẹ́jú méjì tó. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ tí wọ́n lè sọ fún yín bó ṣe rí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù kí ẹ wá máa rò pé ìsọ̀rí tí wọ́n kọ sára fíìmù ti bá yín ṣọ́ ọ.

Ní tiyín, Olóòtú, ẹ ní ojú ewé tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ fíìmù tuntun, mo sì máa ń kà á. Ẹ máa ń sọ ẹni tó ṣe é, bí eré náà ṣe dùn tó àti irú aṣọ tí wọ́n wọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ máa fi ìlà méjì kún un: ọmọ ọdún mélòó ló yẹ kó wò ó, àti bóyá fíìmù náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ìbọn bà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa bá yín wo apá ìkejì yẹn, tó máa sọ fún yín ibi tí wọ́n ti purọ́ àti ibi tí wọ́n ti sọ òótọ́, mo ṣetán láti máa ṣe é lóṣooṣù láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì